TA L'Ó NI ILẸ̀ Ẹ̀YÌN FẸ́ŃSÌ?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin t'ẹ fi òógùn ojú ra ilé tuntun n'Íkòròdú, l'Ájàh, n'Íbẹ̀jù-Lẹ́kí, l'Áyọ̀bọ́, ìbéèrè kan ni a ní fún yín. Ibo ni ilẹ̀ yín parí sí? A kò bèèrè ibi tí fẹ́ńsì parí sí o. Ilẹ̀ ni a ní.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní lè dáhùn, kì í sì í ṣe pé ẹ gọ̀. Agbaṣẹ́ṣe kọ́ ilé, ó kùn ún l'ọ́dà, ó mọ fẹ́ńsì yí i ká, ó gbé géètì sí i, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé yín l'ọ́wọ́. Ẹ wo fẹ́ńsì, ẹ ní ààlà nìyẹn. Kò ju oṣù mélòó kan lọ, aládùúgbò dé pẹ̀lú ìwé sọ́fè tirẹ̀ l'ábíyá. Ó ní kòtò ṣáláńgá yín wà l'órí ilẹ̀ òun, kí ẹ wó fẹ́ńsì k'ó tó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ sáré lọ bá agbaṣẹ́ṣe. Ó ti tà tán, ó ti kó lọ. Ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe tàwọn, kí ẹ lọ s'ílé ẹjọ́. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ẹ̀yin t'ẹ sanwó ni ẹ wá di ajagungbalẹ̀ l'ójú àdúgbò.

Báwo l'ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ k'á là á s'ójú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn t'ó wà l'órí àlééfà kò fẹ́ k'á wò. Agbaṣẹ́ṣe ra ilẹ̀ ńlá kan, ìwé sọ́fè kan ṣoṣo l'ó bo gbogbo rẹ̀. Awọnlẹ̀, ẹni tí a ń pè ní sọ́féyọ̀, ti ri píláà mọ́ igun ilẹ̀ ńlá náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n l'ẹ́yìn èyí, agbaṣẹ́ṣe gé ilẹ̀ náà wẹ́wẹ́ l'órí ìwé, ó fi ilé 12 sí i l'ẹ́sẹẹsẹ. Ta l'ó wá wọn ààlà tí ń bẹ láàárín ilé kan sí èkejì? Bíríkìlà ni! Okùn àti tépù l'ó mú, ara ògiri ilé àkọ́kọ́ l'ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fi íńṣì 6 péré ṣìnà n'ídìí ilé kọ̀ọ̀kan, nígbà tí yóò bá fi dé ilé kejìlá, ó ti di ẹsẹ̀ bàtà 6. Pulọ́ọ̀tì tí a mọ̀ l'Ékòó, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 ni. Bí ẹsẹ̀ bàtà 6 bá lọ l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìdá kan nínú mẹ́wàá l'ó lọ yẹn. Ẹ ti san ìdámẹ́wàá láì tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwé t'ó wà l'ọ́wọ́ yín ńkọ́? Inú àwòrán ni wọ́n ti fà á yọ. Orí okùn bíríkìlà ni fẹ́ńsì ti wá. Àwọn méjèèjì kò tíì fojú kan ara wọn rí. L'ọ́jọ́ tí ẹ bá dé iwájú adájọ́, kì í ṣe ẹwà fẹ́ńsì ni yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Àwọn bàbá wa kò ní tépù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ààlà. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn. Bí bàbá bá fẹ́ gé ilẹ̀ fún ọmọ tàbí fún àlejò, yóò pe ẹni t'ó bá a pààlà l'ọ́tùn-ún àti l'ósì, wọn yóò jọ rìn ín yíká kí pèrègún tó wọlẹ̀. Ohun tí agbaṣẹ́ṣe ayé òde òní fò dá nìyẹn. Ó ta ilé fún Táyé láì jẹ́ kí Kẹ́hìndé t'ó wà l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ ibi tí ti Táyé parí sí, ìjọba sì ń wò ó.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ píláà kéré jù fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Herbert Macaulay t'ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, awọnlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Apápá ti Olóyè Olúwa l'ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá Olúwa l'áre ní 1921. Orí ilẹ̀ ni òṣèlú wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba yóò ní òfin Àbújá l'ó so àwọn l'ọ́wọ́. Òótọ́ ni pé Òfin Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọ̀báṣanjọ́ gbé jáde ní 1978 ṣì wà l'ábẹ́ ààbò ìwé òfin 1999, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò lè dá a yí padà. Ṣùgbọ́n kí ni òfin náà wí? Ó ní Gómìnà ni k'ó di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ mú fún ìlò àti ànfààní gbogbo ènìyàn. Ta l'ó ń fún agbaṣẹ́ṣe ní àṣẹ láti kọ́lé? Ọ́fíìsì Gómìnà náà ni. Ta l'ó ni ọ́fíìsì àgbà awọnlẹ̀ t'ó wà l'Áláùsá? Òun náà ni. Okùn wo l'ó wá so ó l'ọ́wọ́? Owó ìfọwọ́sí Gómìnà, ẹ san. Owó C of O, ẹ san. Land Use Charge l'ọ́dọọdún, ẹ san. Ìwé owó wọn mọ ọ̀nà ilé yín dájúdájú. Píláà wọn ni kò mọ̀ ọ́n.

A kò ní ṣe àbòsí. Òfin tí ìjọba Èkó ṣe ní 2016 láti fi dáàbò bo ohun ìní, òfin t'ó dára ni, ó sì kó àwọn ọmọ onílẹ̀ kan l'áyà jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni t'ó gbé tọ́ọ̀gì àti àdá wá ni òfin yẹn ń lé. Agbaṣẹ́ṣe t'ó wọ súùtù, t'ó fi fẹ́ńsì ẹlẹ́wà gé ilẹ̀ onílẹ̀ fún yín, ó ń rìn gbẹ̀fẹ́.

(Ti ẹ̀yin ará Akúté àti Alágbọlé tilẹ̀ tún le. Wọ́n polówó ilé fún yín pé Èkó ni. Ẹ sanwó tán, ẹ bá ara yín n'Ípìnlẹ̀ Ògùn. Abẹ́òkúta ni ẹ ó máa tọpa ìwé lọ.)

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń wí ni pé kí agbaṣẹ́ṣe kankan má ta ilé tuntun títí ilé kọ̀ọ̀kan yóò fi ní ìwé sọ́fè tirẹ̀ l'ọ́dọ̀ àgbà awọnlẹ̀, kí wọ́n sì fi píláà han ẹni t'ó rà á, l'ójú aládùúgbò l'ọ́tùn-ún l'ósì, kí kọ́kọ́rọ́ tó yí ọwọ́ padà. Yóò fi nǹkan díẹ̀ kún owó ilé, a kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n owó awọnlẹ̀ kò tó owó lọ́yà.

K'ó tó di ìgbà náà, ẹ gba ara yín. Ẹ má lo awọnlẹ̀ agbaṣẹ́ṣe. Ẹ wá tiyín, ẹni t'ó ní ìwé àṣẹ SURCON. K'ó hú ilẹ̀ títí yóò fi rí píláà, k'ó wò bóyá nọ́ńbà t'ó wà l'órí rẹ̀ bá ti inú ìwé mu, k'ó sì gbé e lọ yẹ̀ wò l'Áláùsá. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì san owó tán, ẹ di èyí t'ó kù mú títí ẹ ó fi rí píláà. Bí fẹ́ńsì bá ti ṣìnà, ẹ má tìtorí ìbínú wó o. Ẹ pe aládùúgbò, k'ó mú ìwé tirẹ̀ wá, kí ẹ jọ kọ àdéhùn, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn l'é e. L'Ékòó, ọdún 12 ni òfin fún ẹni t'ó fẹ́ fi ẹjọ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, ọdún 12 kì í sì í pẹ́ pé.

Wọn yóò dé láìpẹ́, pẹ̀lú ìrẹsì àti fìlà, láti wá tọrọ ìbò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró s'ẹ́nu géètì. Ẹ mú wọn lọ s'ẹ́yìnkùlé, títí kan àwọn tiwa náà, kí ẹ na ọwọ́ s'ílẹ̀ l'ẹ́bàá fẹ́ńsì, kí ẹ bi wọ́n pé: píláà dà?