Oòrùn ló yẹ kó ṣẹ̀rí àga ike, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á

Àwọn tó ń yáni ní àga àti kánópì mọ ìṣòro yìí dáadáa. Àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹni fi ẹfun pa á, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa sán. Lọ́jọ́ tó bá dá mọ́ àlejò pàtàkì nídìí lóde ìnáwó, kì í ṣe owó àga nìkan ló bá a lọ, orúkọ oníṣòwò náà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n á ní àlejò ló sanra jù. Irọ́ ni, oòrùn ló ti jẹ àga náà tán.

Ìtànṣán oòrùn kan wà tí ojú kì í rí, tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Òun ló ń gé ohun tó so ara ike pọ̀, pàápàá polypropylene tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àga. Ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ á po oògùn mọ́ ọn, àmọ́ oògùn náà lówó lórí, kò sì hàn lára àga tuntun. Ìdí nìyẹn tí ayédèrú àti ojúlówó fi ń jọra bí ìbejì nínú ṣọ́ọ̀bù. (Dúdú ara tánkì omi kì í ṣe ti oge o, carbon black tó ń dènà oòrùn ni.)

Ní Amẹ́ríkà, Florida tí ooru àti òjò ti pọ̀ àti Arizona tó gbẹ táútáú ni wọ́n ti ń to ike síta fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti dán an wò. Ẹni tí kò lè dúró á lo ẹ̀rọ tó ní iná xenon, tó ń wọ́n omi sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ oníṣòwò jẹ. Ẹni tó bá ní wákàtí 1,000 nínú ẹ̀rọ jẹ́ ọdún báyìí ní Ìbàdàn, irọ́ ló ń pa, nítorí irú iná, ooru àti omi tí wọ́n lò ló ń pinnu rẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò tí kò bá sọ ìwọ̀nyẹn, bébà lásán ni.

Owó àga méjì tó fún oníṣòwò kékeré. Kó gbé ọ̀kan sórí òrùlé tí igi kò ṣíji bò, kó gbé èkejì sínú yàrá tó ṣókùnkùn, kó kọ déètì sí wọn nídìí. Láti ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò á fi rọ̀ tán, kó máa fi wọ́n wéra lóṣooṣù, kó fi ìka nù ún wò bóyá ẹfun á yọ, kó sì tẹ apá rẹ̀ wò. Ọdún kan pẹ́ lójú ẹni tí oníbàárà ń dúró dè, ṣùgbọ́n ó lè kó ogún àga ná, kó fi owó ìyókù pamọ́ títí òrùlé á fi fèsì.