Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Wa, Ẹ Wo Iṣẹ́ Ayàwòrán Ibi Ọ̀ràn

Ní ọjọ́ 27, oṣù kọkànlá, ọdún 2000, wọ́n rí Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, lórí àtẹ̀gùn ilé kan ní North Peckham Estate, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní itan rẹ̀. Kò yè é. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọdún 2002, wọ́n gbé ọmọkùnrin mẹ́rin lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò dúró, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì mìíràn tún aṣọ àti bàtà tí ọlọ́pàá ti gbà tipẹ́ yẹ̀ wò, ni wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ Damilola lára wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà wà látọjọ́ yìí. Ojú àwọn tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni kò tó o. Ní ọdún 2006, ilé ẹjọ́ dá tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan lẹ́bi ikú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ọ̀ràn yìí ni pé ẹni tó fara balẹ̀ wo nǹkan lè ṣe ohun tí ariwo kò lè ṣe. Ìdí nìyí tí a fi ń pe àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn kámẹ́rà sí iṣẹ́ ayàwòrán ibi ọ̀ràn.

Nínú ẹjọ́ Damilola, àwọn agbẹjọ́rò jiyàn bóyá wọ́n gún ọmọ náà ni, tàbí ó ṣubú lu ìgò fífọ́. Ibo ni ìgò wà? Báwo ló ṣe jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ tó? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tó péye ń dáhùn. Wọ́n sì ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sítéètì àtijọ́ náà. Bí ilé bá wó, tí òjò sì fọ ilẹ̀, fọ́tò nìkan ló kù fún adájọ́ láti wò.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò fẹ́ràn ọlọ́pàá, ẹ sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọmọkùnrin mẹ́rin ọdún 2002 yẹn. Àwọn náà ní ìyá. Ẹ̀rí tó mọ́ ń mú ọ̀daràn, ó sì ń gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Bí àwa kò bá sí níbẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni wọn yóò máa fi wo àdúgbò wa.

Báwo lẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ara ẹni ṣètò kámẹ́rà, kí ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ máa ya àwòrán nínú òkùnkùn, pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró. Ẹ fi yàrá yín dánra wò: ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo yàrá láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sún mọ́ nǹkan kan kí ohun tó yí i ká ṣì hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ yà á ní tòsí, lẹ́ẹ̀kan láìsí rúlà, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun kí ẹ tó yà á. Ẹ kọ aago àti ibi tí ẹ dúró sí sílẹ̀. Ẹ má pa fọ́tò kankan rẹ́, kódà èyí tí kò dára.

Ẹ kò ní láti wọ aṣọ ọlọ́pàá kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ yìí, òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọlọ́pàá ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó ń ya fọ́tò náà ló ń wá ìtẹ̀ka, tó sì ń kó ẹ̀rí jọ. Wọ́n máa ń béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀, wọ́n sì máa ń wádìí ẹni dáadáa kí wọ́n tó gbà á.

A kò ní tàn yín: iṣẹ́ tó le ni. Òkú wà níbẹ̀, nígbà mìíràn òkú ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ pé òun kò fẹ́ ṣe dókítà tàbí lọ́yà, pé kámẹ́rà lòun fẹ́ gbé, ẹ má tíì bínú. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi kámẹ́rà náà ṣe. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ó yẹ kí ojú tiwa náà wà níbẹ̀.