Iná Tán, Bátìrì Gbó: Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Kò Yẹ Kí Ó Dàpọ̀

Nígbà tí ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2013 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, orúkọ náà bá ohun èlò náà mu. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ bátìrì irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni kò tíì gún régé.

Láti Òṣogbo dé Iléṣà, 'bátìrì ti kú' ni gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀, ìbáà jẹ́ iná inú rẹ̀ ni ó tán, ìbáà jẹ́ pé bátìrì fúnra rẹ̀ kò lè gba iná tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, kí omi tán nínú ìkòkò yàtọ̀ sí kí ìkòkò sán.

Àdàlù yìí ń pa ẹ̀kọ́ lára. Dídín ìmọ́lẹ̀ ojú ọpọ́n kù ń mú kí iná pẹ́ kí ó tó tán. Ṣùgbọ́n bátìrì lítíọ́ọ̀mù a máa tètè gbó bí ooru bá ń mú un, bí iná rẹ̀ bá ń tán pátápátá léraléra, tàbí bí ó bá ń pẹ́ lórí iná lẹ́yìn tí ó ti kún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbà pé bátìrì tí ó 'kú' lálẹ́ yóò 'jí' láàárọ̀ kò ní rí ìdí láti ṣọ́ra.

Nítorí náà, kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lo 'iná tán' fún ti àkọ́kọ́, 'bátìrì gbó' fún èkejì, kí wọ́n sì ya 'kú' sọ́tọ̀ fún bátìrì tí kò gba iná mọ́ rárá. Tán, gbó, kú: ọ̀rọ̀ ilé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; kò sí ìdí láti yá òmíràn.