Asẹ́ Ńlá Kì í Tún Ògì Tó Bàjẹ́ Ṣe

 Ẹ̀yin ìyá wa, púpọ̀ nínú yín ní Ìkòròdú ni ó ti fi owó àjọ ra dánfó, tí ẹ sì fà á lé awakọ̀ lọ́wọ́. Bí awakọ̀ bá wá wí pé, “Alhájà, ẹ jẹ́ kí á ra fílítà ọ́ìlì tí ó tóbi ju èyí lọ, a kò ní í máa pààrọ̀ ọ́ìlì lemọ́lemọ́ mọ́,” kí ni ẹ ó dá a lóhùn?

Asẹ́ ni fílítà. Bí ọ́ìlì ti ń yí ká inú ẹ́ńjìnì, ó ń kó eruku àti ẹ̀rún irin dání; fílítà a sì dá wọn dúró, bí asẹ́ ti ń dá èèrí ògì dúró. Òótọ́ ni pé èyí tí ó tóbi a máa gba ìdọ̀tí púpọ̀ kí ó tó dí. Ṣùgbọ́n asẹ́ kò lè tún ògì tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Ooru ń ba ọ́ìlì jẹ́, omi àti bẹntiróòlù sì ń ro sínú rẹ̀. Fílítà kò lè yọ ìwọ̀nyí.

Ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọjọ́, ní Èkó, ní ọdún 1975, kò ní irú fílítà yìí rárá. Asẹ́ wáyà lásán ni tirẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi lítà 2.5 lọ. Pípààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò ni ó ń mú un pẹ́.

Ọ̀nà Ìkòròdú sí Mile 12 tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, aago kìlómítà kò sì lọ. Ẹ má ṣe fi kìlómítà nìkan ka ọjọ́ orí ọ́ìlì. Bí fílítà bá sì dí, ilẹ̀kùn kékeré kan a ṣí, ọ́ìlì a gba ibẹ̀ kọjá láìsẹ́. Ọkọ̀ ń lọ, ẹ́ńjìnì ń jẹ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ kò mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fílítà ńlá náà, kí mẹkáníìkì rí i pé ìdè rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ àti ilẹ̀kùn inú rẹ̀ bá ẹ́ńjìnì mu, kí ó má sì rọ̀ sísàlẹ̀ tí òkúta ọ̀nà yóò fi gbá a. Yóò gba ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Nítorí náà, kí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì wo géèjì.

Èsì yín fún awakọ̀ nìyí: fílítà ńlá kò burú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ń pààrọ̀ ọ́ìlì kò yẹ̀. Owó ọ́ìlì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì.