Ìdí Gbígbẹ Ni Ọmọ Ń Fẹ́, Kì í Ṣe Orúkọ Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé nígboro, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó dá ìjà kankan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlédìí àlòsọnù ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pámpásì. Ìyàwó a ní èyí tí ó lórúkọ, tí owó rẹ̀ wọ́n, ni òun ń fẹ́ fún ọmọ òun. Ọkọ a ní èyí tí ilé ìtajà fi orúkọ ara rẹ̀ tà, tí owó rẹ̀ kéré, ti tó. Ìyá ọkọ a dá sí i, a ní nápíkìn aṣọ ni òun fi tọ́ ọmọ méje, kò sì sí èyí tí ìdí rẹ̀ bó nínú wọn. Ta ni ó jàre nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Èrò tèmi nìyí, n kò sì ní fi epo bọ iyọ̀. Ìdí ọmọ kò mọ orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí. Ohun tí ó mọ̀ ni bóyá òun gbẹ tàbí òun tutù. Ìyá tí ó ra èyí tí owó rẹ̀ kéré, tí ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, ṣe ọmọ rẹ̀ lóore ju ìyá tí ó ra olówó gọbọi, tí ó wá fi ẹyọ kan ṣoṣo sí ìdí ọmọ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kí owó má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n n kò wí pé gbogbo èyí tí owó rẹ̀ kéré ni ó dára o. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Orúkọ tí a ń pè é gan-an, orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ kan ni. Ilé iṣẹ́ Procter & Gamble ti Amẹ́ríkà ni ó gbé Pampers jáde fún títà ní ọdún 1961, lẹ́yìn tí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn kan, Victor Mills, ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ ọjà kan ti di orúkọ gbogbo ọjà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo.

Bí ẹ bá tú èyíkéyìí nínú wọn wò, ìbáà ṣe ti olórúkọ, ìbáà ṣe ti ilé ìtajà, nǹkan kan náà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Lókè ni ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó kan ara ọmọ, tí ìtọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òwú tí wọ́n fi igi ṣe, tí wọ́n po kóró wẹ́wẹ́ kan mọ́, tí a ń pè ní sodium polyacrylate. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rá tí kò jẹ́ kí omi jò sí aṣọ. Rọ́bà rírọ̀ yí itan ká, ohun ìlẹ̀mọ́ sì wà ní ìbàdí.

Kóró wẹ́wẹ́ yẹn ni òṣìṣẹ́ gidi. Bí omi bá kàn án, a wú, a di bí ògì tí ó dì, kì í sì í jẹ́ kí omi náà padà jáde. Ní àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ìlédìí káàkiri, òun ni ó sì jẹ́ kí ti òde òní rí pẹlẹbẹ. Bí ìlédìí bá ya tí kóró náà lẹ̀ mọ́ ara ọmọ, ẹ má ṣe bẹ̀rù, kì í ṣe májèlé. Ẹ kàn nù ún kúrò.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Ó wà nínú bí kóró náà ti pọ̀ tó, bí rọ́bà itan ti rọ̀ tó, àti bí ohun ìlẹ̀mọ́ ti dúró tó. Àwọn kan ní ilà tí ń yí àwọ̀ padà bí ọmọ bá ti tọ̀. Ìyàtọ̀ yòókù, owó ìpolówó ọjà ni, ẹni tí ó ra páálí ni ó sì ń san án. Ní ìlú Ọba, àwọn ilé ìtajà ńlá bí Aldi, Lidl àti Tesco ń ta ìlédìí tí ó jẹ́ orúkọ tiwọn. Irú àwọn ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní ilé iṣẹ́ ìlédìí. Àwọn aṣelọ́pọ̀ bí Ontex ti Belgium ni ó ń bá ilé ìtajà ṣe irú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní London ń fi wọ́n tọ́ ọmọ, ìdí àwọn ọmọ náà kò sì bó.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ orúkọ ńlá tún ti yàtọ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Procter & Gamble kéde pé òun kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé láti òkè òkun ni òun yóò máa kó o wọlé. Ní ọdún 2024 ni Kimberly-Clark, tí ń ṣe Huggies, pa ilé iṣẹ́ tí ó ṣí sí Ìkòròdú ní 2022 tì. Ọjà tí a fi owó dọ́là kó wọlé kò lè ṣe kí ó má gbówó lórí. Nítorí náà, kì í ṣe ahun ni ọkọ tí ó bá béèrè bóyá òmíràn wà.

Ẹ dán an wò fúnra yín

Ẹ ti rí àwọn tí ń polówó ọjà, tí wọ́n ń da omi sínú ìlédìí lójú gbogbo ayé, tí omi náà sì pòórá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ. Omi lásán kì í ṣe ìtọ̀, nítorí iyọ̀ wà nínú ìtọ̀. Kóró tí mo wí yẹn lè fa omi lásán tó ìlọ́po 300 ìwọ̀n ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá ti wà nínú omi bí ó ti wà nínú ìtọ̀, kì í sábà ju nǹkan bí ìlọ́po 30 sí 50 lọ.

Nítorí náà, ẹ mú omi oníke 75cl kan, kí ẹ fi ṣíbí ìmutíì kan iyọ̀, kí ó dọ́gba létí ṣíbí, sínú rẹ̀, kí ẹ rò ó pọ̀. Ẹ tẹ́ ìlédìí olórúkọ àti ti ilé ìtajà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ fi ìgò ìfúnmọ lóúnjẹ wọn omi iyọ̀ náà, 60 ml fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dà á sí ojú ibi tí ìtọ̀ máa ń bọ́ sí. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún da 60 ml mìíràn sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí i, ẹ fi bébà ìnuwọ́ funfun lé e, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí bébà rẹ̀ kò tutù púpọ̀ ni ó dára jù, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ìṣirò owó

Ẹ má ṣe wo iye owó tí wọ́n kọ sí ara páálí nìkan. Ẹ fi iye ẹyọ inú rẹ̀ pín in. Bí páálí kan bá jẹ́ 6,000 náírà tí ẹyọ 40 wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan jẹ́ 150 náírà. Bí òmíràn bá jẹ́ 4,800 tí ẹyọ 30 wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan jẹ́ 160. Èyí tí ó dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú gan-an ni ó wọ́n jù!

Ẹ tún ṣe ti oṣù kan. Ọmọ tuntun lè lo ẹyọ 8 lójúmọ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹyọ 240 nìyẹn. Bí ìyàtọ̀ láàárín oríṣi méjì bá jẹ́ 50 náírà péré lórí ẹyọ kan, 12,000 náírà ni lóṣù. Owó ẹyin àti ẹja fún ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú ni o. Ìyá tí ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ kí ọmọ lè wọ orúkọ ńlá, ta ni ó ń ṣe é fún?

Ohun tí ń bó ìdí ọmọ

Bí ìdí ọmọ bá pọ́n, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó máa ń dá ìlédìí lẹ́bi. Ṣùgbọ́n pípẹ́ nínú ọ̀rinrin ni olórí ohun tí ń fà á. Awọ ara tí ó tutù fún ìgbà pípẹ́ a rọ̀, fífaragbo aṣọ a sì bó o. Bí ìtọ̀ bá tún pàdé ìgbọ̀nsẹ̀, èròjà inú ìgbọ̀nsẹ̀ tí ń yọ́ oúnjẹ nínú ìfun a túbọ̀ lágbára, a sì máa jẹ awọ ara ọmọ. Kò sí orúkọ tí ó lè dènà èyí bí a kò bá pààrọ̀ ìlédìí.

Ẹ máa yẹ ọmọ tuntun wò ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí ó bá ti yàgbẹ́, kíákíá ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ rírọ̀ tó láti nù ún. Ẹ jẹ́ kí ìdí náà gba atẹ́gùn díẹ̀, kí ẹ tó fi fasilíìnì tàbí ìpara tí ó ní zinc oxide pa á. Ẹ má ṣe da àtíkè sí i, nítorí ọmọ lè fà á símú lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun kan wà tí ó ń bà mí nínú jẹ́. Àwọn ìyá kan a lọ ra ìpara mẹ́ta-nínú-ọ̀kan tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, èyí tí ó ní stẹ́rọ́ìdì nínú, wọn a fi pa ìdí ọmọ. Ìdí náà a kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó san. Ṣùgbọ́n stẹ́rọ́ìdì tí a fi ìlédìí bò mọ́lẹ̀ ń wọ ara ọmọ lọ, ó sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí pípọ́n náà bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, tí ó wọ inú ìṣẹ́po itan, tí èérú pupa wẹ́wẹ́ sì yí i ká, ó lè jẹ́ irú ehu kan tí à ń pè ní candida. Bí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tàbí tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má gbé e lọ sí ìsọ̀ oníkẹ́míìsì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn abiyamọ tuntun. Láti ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kí ọmọ tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ó kéré tán láàárín wákàtí 24, bí wàrà bá ń tó o. Ìlédìí tí ó fa omi dáadáa lè mú kí ẹ má mọ̀ pé ọmọ ti tọ̀. Ẹ da ṣíbí ìjẹun ńlá méjì sí mẹ́rin omi sí tuntun kan, kí ẹ gbé e wò lọ́wọ́. Bí èyí tí ọmọ tọ̀ sí yóò ti wúwo tó nìyẹn.

Ìmọ̀ràn mi

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ wo ìwọ̀n kílò tí wọ́n kọ sára páálí, nítorí ọ̀pọ̀ ìlédìí tí à ń bú pé ó ń jò, kò bá ìdí ọmọ mu ni. Ẹ kọ́kọ́ ra páálí kékeré bí ẹ bá ń pààrọ̀ oríṣi. Bí apá bá ká a, ẹ lo èyí tí ó fa omi jù ní alẹ́, kí ẹ lo ti owó kékeré ní ọ̀sán. Ìyá ọkọ náà kò jẹ̀bi: nápíkìn aṣọ dára nínú ilé, bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní kété tí ó bá tutù, tí a fọ ọṣẹ inú rẹ̀ kúrò dáadáa, tí a sì sá a sí oòrùn.

Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá funfun nínú ọjà, tí kò lórúkọ, tí kò sọ ẹni tí ó ṣe é, ẹ sá fún un. A kò mọ ibi tí ó sùn sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí a ó bi bí ó bá ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ìlédìí ilé ìtajà ní ẹni tí a lè mú. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wo àmì MANCAP ti àjọ SON lára rẹ̀.

Àwọn baba wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí ìdí ọmọ ń béèrè lónìí ni pé kí ó gbẹ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe fi iye ẹyọ há ìyàwó yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe tìjú páálí tí kò lórúkọ ńlá. Ẹ dì í, ẹ sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí, ẹ má ṣe jù ú sí gọ́tà, kí ẹ sì wọ òmíràn fún ọmọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ náà.