Ayia Napa Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ní ọdún 2000, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, pé ọmọ ọdún 18, ìlú kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ẹgbẹ́ wọn: Ayia Napa, ní erékùṣù Kípírù. Orin garage ló gbòde ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ń rọ́ lọ nígbà ooru. Ẹ̀gbọ́n mi tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá wọn. Wọ́n ní Kípírù inú Bíbélì náà ni, ìlú Bánábà. Ìyá wọn wò wọ́n tìtì, wọ́n ní, "Ṣé Bánábà lo fẹ́ lọ kí?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ti di ìyá ọlọ́mọ méjì, ní kí n wá bá àwọn lọ. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní ète tèmi nínú. Ariwo kò bá mi lára mu. Mo ti kà nípa Lefkara, abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè Troodos, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi abẹ́rẹ́ ṣe léèsì tí UNESCO kà mọ́ ogún àṣà aráyé ní ọdún 2009. Mo rò pé alẹ́ ọjọ́ kan péré ni Ayia Napa yóò fi sú wọn.

Alẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi láre. Ilé ijó kì í gbóná níbẹ̀ kí aago 12 òru tó lù, àwọn èrò tó sì kún gbàgede kò ju ẹgbẹ́ ọmọ wọn lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń pín ìwé ìpolówó pè wọ́n ní "mádààmù", ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì. Nítòsí ariwo náà ni ilé ìsìn àtijọ́ kan wà, tó ti wà láti ìgbà tí àwọn ará Venice ń ṣàkóso erékùṣù ọ̀hún, pẹ̀lú igi síkámórè arúgbó kan lóde rẹ̀. Abẹ́ igi yìí la jókòó sí. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ni mo bá fi ọgbọ́n dárúkọ Lefkara.

A háyà mọ́tò. Apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní Kípírù, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí abẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà títí di 1960, ọdún kan náà tí àwa náà gba òmìnira. Ní Lefkara, òpópónà tóóró tí wọ́n fi òkúta tẹ́ la rìn, a sì bá ìyá àgbà kan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tìmùtìmù lórí itan, aṣọ funfun lórí tìmùtìmù, ó ń ka fọ́nrán òwú kí ó tó gé e. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin abúlé náà ló ń gbé iṣẹ́ yìí kiri Yúróòpù láti tà á. Ẹ̀gbọ́n mi ra pélébé kan fún ìyá wọn. Inú mi dùn débi pé mo ní, "Ẹ ò rí i? Ìsinmi rèé!"

Wọ́n ní, "Ó dára, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ni mo ti ń ṣe bọ̀. Mo gbọ́ràn sí Màámi lẹ́nu, mo gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Má tún mú mi wá síbí kí n máa gbọ́ràn sí ìwọ náà lẹ́nu."

Ojú tì mí.

Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn, a kọ́kọ́ jẹ halloumi tí wọ́n yan, wàrà tí iná kì í yọ́, bíi ti àwọn Fúlàní wa gan-an. Lẹ́yìn náà la jáde. Nígbà tó yá, wọ́n fi orin àtijọ́ kan sí i. Èmi kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀gbọ́n mi mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìfo ọ̀kan. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jó, àwọn ọmọdé yí wọn ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo di báàgì wọn mú títí aago 3.

Ní pápákọ̀ òfurufú Larnaca, wọ́n pe ìyá wọn lórí fóònù. "Màámi, mo ti lọ sí Ayia Napa o."

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ẹ bá Bánábà nílé?"