Ìdí tí Gmail, Yahoo àti Outlook fi ń dá ímeèlì ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ padà láti ẹnu ọ̀nà

Oníṣòwò kan lè fi ìwé iye owó ọjà ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ lókè òkun láàárọ̀, kí ó sì máa retí owó. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí, ìdáhùn tí yóò bá nínú àpótí ímeèlì rẹ̀ lè má wá láti ọ̀dọ̀ oníbàárà rárá. Ẹ̀rọ ni yóò fèsì: nọ́ńbà 550 ní ìbẹ̀rẹ̀, àlàyé Gẹ̀ẹ́sì gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé wọn kò gba lẹ́tà náà wọlé.

Fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń fi ìwé ìgbaniwọlé ránṣẹ́, ilé ìwòsàn tí ó ń fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́, tàbí iléeṣẹ́ Nàìjíríà tí ó ń du iṣẹ́ àgbàṣe, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán. Owó, àkókò àti ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó ń bá a lọ. Ẹni tí kò bá sì mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni kò dára, kí ó tún lẹ́tà kan náà fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ̀rọ sì túbọ̀ máa fura sí i.

Kí ló yí padà?

Ní ọdún 1982 ni Jon Postel kọ ìlànà SMTP, èyí tí ó ń darí bí ímeèlì ṣe ń rìn láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Nígbà náà, àwọn tí ó ń lo ìkànnì náà kò pọ̀. Ìlànà náà kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí hàn pé òun ni òun fi lẹ́tà ránṣẹ́ lóòótọ́. Ó dà bí ẹni tí ó kọ orúkọ ọba sí ẹ̀yìn àpò ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé ta ni ó rán an.

Àlàfo yìí ni àwọn oníjìbìtì gbà wọlé. Google ní Gmail nìkan ń dá lẹ́tà tí ó tó bílíọ̀nù 15 dúró lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Google àti Yahoo kéde ìlànà tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Microsoft tẹ̀lé wọn ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 fún àdírẹ́sì Outlook, Hotmail àti Live. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Google tún mú ọwọ́ le sí i.

Ẹ̀rí mẹ́ta tí wọ́n ń béèrè

Èkíní ni SPF. Èyí ni àkọsílẹ̀ tí oní-dóméènì gbé síta, tí ó dárúkọ àwọn sáfà tí ó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ rẹ̀. Èkejì ni DKIM, òǹtẹ̀ àṣírí tí sáfà ń lù mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó gbà á lè mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni DMARC, tí ó ń sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi lẹ́tà tí ó kùnà ìdánwò náà ṣe: kí wọ́n gbà á, kí wọ́n jù ú sí àpótí spam, tàbí kí wọ́n dá a padà.

Ẹni tí ó bá ń fi ju lẹ́tà 5,000 lọ ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òǹkàwé lè fi títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú lẹ́tà ìpolówó, kí ìráhùn àwọn òǹkàwé má sì dé mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún lẹ́tà. Ẹni kékeré náà kò bọ́: ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM, kí àdírẹ́sì IP sáfà rẹ̀ sì ní orúkọ tí ó bá a mu.

Níbo ni bàtà ti ń ta iléeṣẹ́ kékeré lẹ́sẹ̀?

Ìlànà wọ̀nyí kò béèrè orílẹ̀-èdè ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọ̀nà tí iléeṣẹ́ kékeré ń gbà wọ orí ayélujára ni ó ń kó bá a. Ààyè olówó pọ́ọ́kú ni ó sábà máa ń gbà lórí sáfà, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún iléeṣẹ́ ti lè máa lo àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń rán jìbìtì, tàbí tí olè orí ayélujára jí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, gbogbo ayálégbé ni orúkọ wọn yóò bàjẹ́ lójú Gmail. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ayálégbé sáfà kò tilẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé.

Ìdí kejì ni àṣà lílo àdírẹ́sì Yahoo tàbí Gmail fún iṣẹ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ bí ènìyàn bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti inú Yahoo fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú òpó iléeṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìpolówó kan bá ń lo orúkọ yahoo.com láti ibòmíràn, Yahoo ti ní kí wọ́n máa dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ padà láti oṣù Kẹrin ọdún 2014.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè wá ojútùú?

Ohun àkọ́kọ́ ni kíka ìdáhùn ẹ̀rọ náà tán. Nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 túmọ̀ sí pé kí sáfà tún gbìyànjú tó bá yá. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 túmọ̀ sí pé ìlẹ̀kùn ti tì. Bí Gmail bá kọ 5.7.26, tàbí tí Outlook kọ 5.7.515, ẹ̀rí ìdánimọ̀ ni kò pé.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n yẹ SPF wò. Dóméènì kan kò gbọ́dọ̀ ní ju àkọsílẹ̀ SPF kan lọ, síbẹ̀ àwọn kan máa ń fi èkejì kún un nígbà tí wọ́n bá gba ẹ̀rọ ìṣirò owó tàbí ìpolówó tuntun, èyí tí ó ń sọ méjèèjì di asán. Bí ẹ̀rí bá pé tí lẹ́tà kò sì wọlé, ó kan àdírẹ́sì IP: ṣé ó wà nínú ìwé orúkọ àwọn afurasí, irú èyí tí Spamhaus ń tọ́jú? Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí ó ń rán ìranù náà, kí wọ́n pa ojú ihò náà dé, kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò. Ẹni tí ó bá bẹ̀bẹ̀ kí ó tó tún ilé ṣe, kò ní pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò fi padà síbẹ̀.

Ààbò tàbí àṣejù?

Ìlànà yìí ní èrè. DMARC kan náà tí ó ń dá lẹ́tà padà ni kì í jẹ́ kí oníjìbìtì lo dóméènì iléeṣẹ́ láti sọ fún oníbàárà pé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ti yí padà. Ní orílẹ̀-èdè tí nọ́ńbà abala òfin rẹ̀, 419, ti di orúkọ jìbìtì káàkiri ayé, tí wọ́n sì ń pe gbájú-ẹ̀ orí ayélujára ní ọmọ Yahoo, ẹ̀rí tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò sàn fún olóòótọ́ ju kí wọ́n máa fi ojú orúkọ ìlú rẹ̀ wò ó.

Síbẹ̀, iléeṣẹ́ mẹ́ta péré ni ó ṣe òfin yìí, ìlú Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn fìdí kalẹ̀ sí. Iléeṣẹ́ ńlá ní òṣìṣẹ́ tí yóò tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe láàárín wákàtí kan; ilé ẹ̀kọ́ kékeré ní Ìlọrin tàbí Kótónú lè má ní ẹnì kankan. Ojúṣe àwọn tí ó ń ta dóméènì àti ààyè sáfà fún wọn ni kí ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gba owó. Títí tí èyí yóò fi di àṣà, ẹni tí ó ní lẹ́tà pàtàkì láti fi ránṣẹ́ ní láti fúnra rẹ̀ yẹ ilé rẹ̀ wò kí ẹ̀rọ Gmail tó bá a yẹ̀ ẹ́ wò.